Ilẹ̀kùn Tí Ìmọ́lẹ̀ Ń Tì

Àwọn àgbà ló sọ pé ojú lọba ara. Bí ọba bá wà láàfin, ìlú a tòrò; bí ojú bá sì ń ríran, ọwọ́ a mọ ibi tí yóò nà sí, ẹsẹ̀ a mọ ibi tí yóò tẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ìdílé kan wà káàkiri ayé tí ọba yìí máa ń fi sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọn a bí ọmọ, ojú rẹ̀ a mọ́ kedere. Yóò máa sáré, yóò máa bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré lọ́sàn-án. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, a bẹ̀rẹ̀ sí í kọlu àga, a máa fi ọwọ́ tá ògiri. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ohun tí ó ń rí lápá ọ̀tún àti lápá òsì a máa dínkù, títí yóò fi dàbí ẹni tí ń yọjú wo ayé láti inú ihò kọ́kọ́rọ́. Orúkọ tí àwọn oníṣègùn ń pe àrùn yìí ni retinitis pigmentosa. Bí a bá kó ènìyàn 4,000 jọ, ó ṣeé ṣe kí a rí ẹnì kan tí ó ní in láàárín wọn.

Ìbéèrè méjì ni irú nǹkan báyìí máa ń gbé dìde nínú ilé. Èkíní ni pé, kí ni ó bàjẹ́ nínú ojú ọmọ náà? Èkejì ni pé, ta ni ó fà á? Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, kò sí ẹni tí ó lè dáhùn èkíní, ni àwọn ènìyàn bá ń fò sí èkejì. Níbi tí ìmọ̀ kò bá ti dé, ìfura ni í jókòó sí àyè rẹ̀. Ìyá ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ nàka sí, nítorí pé òun ni ó gbé oyún. Bí ìyá bá bọ́, wọn a nàka sí ẹbí bàbá, tàbí sí ẹni tí ń gbé òdìkejì òpópónà. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò lálẹ́ yìí ni ìtàn bí ìdáhùn sí ìbéèrè èkíní ṣe jáde sí gbangba. Ohun ìyanu tí ó wà nínú ìtàn náà ni pé púpọ̀ nínú àwọn tí ó rí ìdáhùn yìí kò wá àrùn kankan lọ. Bí ojú tí ó dá ṣáṣá ṣe ń ríran ni wọ́n fẹ́ mọ̀. Ọ̀kan nínú wọn, King-Wai Yau, ni a ó tẹ̀ lé jù lọ, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ìtàn náà láti ìdí dé orí.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó yẹ kí a kọ́kọ́ wọ inú ẹyinjú. Ní ẹ̀yìn inú ẹyinjú, awọ fẹ́lẹ́ kan wà tí ó tẹ́ síbẹ̀ bí ìwé tí a fi tẹ́ ògiri. Awọ náà ni a ń pè ní rẹ́tínà. Orí rẹ̀ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń gba ìmọ́lẹ̀ tò sí. Oríṣi méjì ni wọ́n. Àwọn kan gùn gbọọrọ bí ọ̀pá. A ó máa pè wọ́n ní sẹ́ẹ̀lì ọ̀pá. Àwọn kejì fẹ̀ nídìí, wọ́n sì ṣe ṣóńṣó lórí bí òkòtó tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré; a ó máa pè wọ́n ní sẹ́ẹ̀lì òkòtó. Sẹ́ẹ̀lì ọ̀pá lé ní 90 mílíọ̀nù nínú ojú kan, àwọn ni a fi ń ríran ní òru tàbí nínú ìmọ́lẹ̀ bàìbàì. Sẹ́ẹ̀lì òkòtó kò tó mílíọ̀nù 7, àwọn ni a fi ń dá àwọ̀ mọ̀, tí a sì fi ń kàwé lọ́sàn-án. Nínú retinitis pigmentosa, sẹ́ẹ̀lì ọ̀pá ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ kú, tí sẹ́ẹ̀lì òkòtó yóò sì tẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé òru ni ìyọnu náà ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 1851 ni Hermann von Helmholtz, ọmọ Jámánì, ṣe ohun èlò tí oníṣègùn lè fi yọjú wo ẹ̀yìn inú ojú ẹni tí ó wà láàyè. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń rí àwọn èérún dúdú kéékèèké tí ó fọ́n sórí rẹ́tínà àwọn aláìsàn wọ̀nyí. Ní ọdún 1857, F. C. Donders, oníṣègùn ará Holland, ti fún àrùn náà ní orúkọ. Ṣùgbọ́n orúkọ yàtọ̀ sí ìdí. Ẹni tí ó rí eérú mọ̀ pé iná jó. Kò tíì mọ ohun tí ó dá iná sílẹ̀.

Ní ọdún 1876, Franz Boll, ọmọ Jámánì tí ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Róòmù, yọ rẹ́tínà àkèré kan nínú òkùnkùn. Ó rí i pé ó pọ́n rokoso. Bí ìmọ́lẹ̀ ti bọ́ sí i lára, pípọ́n náà ṣí, awọ náà sì di funfun. Wilhelm Kühne ní Heidelberg gba iṣẹ́ náà ṣe, ó sì yọ aró náà jáde kúrò lára rẹ́tínà. Rodópsíìnì ni a ń pe aró yìí lónìí. Nígbà tí ó di ọdún 1933, George Wald rí i pé fítámì A wà nínú rẹ́tínà, iṣẹ́ tí ó ṣe lórí ọ̀rọ̀ náà sì mú kí ó wà lára àwọn mẹ́ta tí ó gba Ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1967. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti kan ìsà ọbẹ̀ wa, nítorí pé inú epo pupa, ẹ̀fọ́ àti èso pípọ́n ni ara wa ti ń rí ohun tí ó fi ń ṣe fítámì A. Ọmọ tí kò rí fítámì náà tó lè má ríran lóru. Bí a bá tètè fún un, ojú rẹ̀ a padà. Ṣùgbọ́n àrùn tí à ń sọ yìí yàtọ̀. Ọmọ lè jẹun kánú, kí ó sì ní in, nítorí pé ohun tí ó jogún ni.

Boll àti Wald fi ohun tí ń gba ìmọ́lẹ̀ hàn wá. Wọn kò fi bí ìròyìn náà ṣe ń dé inú ọpọlọ hàn wá. Ìmọ́lẹ̀ kò lè gba inú iṣan ojú kọjá. Ohun tí iṣan gbọ́ ni iná mànàmáná tí kò ju bíńtín lọ, èyí tí àwọn èérún iyọ̀ tí a ń pè ní áyọ́ọ̀nù ń gbé rìn. Ó di dandan kí sẹ́ẹ̀lì túmọ̀ èdè ìmọ́lẹ̀ sí èdè áyọ́ọ̀nù. Ta wá ni ògbufọ̀ náà?

Àwọn olùwádìí mẹ́ta ní Yunifásítì Columbia ní New York, Hecht, Shlaer àti Pirenne, mú kí ìbéèrè yìí gbóná sí i ní ọdún 1942. Bí a bá gé ìmọ́lẹ̀ sí wẹ́wẹ́, a ó kan hóró tí kò ṣeé gé mọ́. Wọ́n ṣírò pé hóró ìmọ́lẹ̀ tí ó tó 5 sí 14 péré ni ó gbọ́dọ̀ ba sẹ́ẹ̀lì ọ̀pá kí ènìyàn tó lè sọ pé òun rí nǹkan. Nígbà tí hóró díẹ̀ wọ̀nyí sì fọ́n ká orí sẹ́ẹ̀lì bí 500, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé sẹ́ẹ̀lì ọ̀pá kan lè jẹ́ hóró ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo ní ìpè. Kí ni ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì tí ó lè sọ ohun kékeré bẹ́ẹ̀ di ńlá?

Ìdáhùn àkọ́kọ́ tí ó jáde ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Ní nǹkan bí ọdún 1965, Tsuneo Tomita ní Japan ti abẹ́rẹ́ ìgò bọ inú sẹ́ẹ̀lì òkòtó ẹja. Ohun tí gbogbo ènìyàn ń retí ni pé ìmọ́lẹ̀ yóò jí sẹ́ẹ̀lì náà bí ìró agogo ti ń jí ẹni tí ó sùn. Òdìkejì ni Tomita rí: ìmọ́lẹ̀ ń mú iná mànàmáná inú sẹ́ẹ̀lì lọ sílẹ̀ ni. Ní ọdún 1970, William Hagins àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé nínú òkùnkùn biribiri, áyọ́ọ̀nù ń ṣàn wọ inú sẹ́ẹ̀lì ọ̀pá láìdúró, àti pé ìmọ́lẹ̀ ni ó ń dá ìṣàn náà dúró. Ẹ jẹ́ kí a wò ó dáadáa. Ilẹ̀kùn kan wà lára sẹ́ẹ̀lì náà. Òkùnkùn ni ó ń ṣí i. Ìmọ́lẹ̀ ni ó ń tì í. Nínú òkùnkùn ni sẹ́ẹ̀lì ń pariwo. Ìgbà tí ó bá dákẹ́ ni ọpọlọ mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ ti dé.

Ọ̀rọ̀ wá di àríyànjiyàn. Rodópsíìnì wà ní ibì kan nínú sẹ́ẹ̀lì ọ̀pá, ilẹ̀kùn náà sì wà lára awọ ìta, wọn kò fara kanra. Ó ní láti jẹ́ pé ìránṣẹ́ kan wà tí ń sáré láàárín wọn. Hagins àti Yoshikami dá a lábàá ní ọdún 1971 pé kálísíọ́ọ̀mù ni ìránṣẹ́ náà: bí ìmọ́lẹ̀ bá dé, kálísíọ́ọ̀mù a tú jáde, a sì lọ dí ojú ilẹ̀kùn. Àwọn mìíràn ní rárá, pé mólékù kékeré kan tí a ń pè ní cyclic GMP ni: òun ni ó ń di ilẹ̀kùn mú kí ó wà ní ṣíṣí nínú òkùnkùn, ìmọ́lẹ̀ a sì mú kí a pa á run. Ní ọdún 1981, Lubert Stryer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàfihàn pùrótéènì kan tí ó wà láàárín rodópsíìnì àti ohun tí ń pa cyclic GMP run. Wọ́n pè é ní transducin. Ó dàbí ẹni pé apá kejì fẹ́ borí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó tíì fi ojú kan ilẹ̀kùn náà. Fún ọdún mẹ́rìnlá gbáko, ẹjọ́ náà wà nílẹ̀.

Ibí ni King-Wai Yau ti wọlé. Orílẹ̀-èdè China ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1948, Hong Kong ni ó ti dàgbà. Ó kàwé nínú ìmọ̀ físíìsì ní Princeton, ó gboyè ní ọdún 1971, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Harvard. Lẹ́yìn èyí ni ó lọ bá Denis Baylor ní Stanford. Òun, Baylor àti Trevor Lamb wá ọ̀nà láti fi páìpù ìgò tín-ín-rín fa sẹ́ẹ̀lì ọ̀pá kan ṣoṣo ti ojú ọ̀pọ̀lọ́ sẹ́nu, tí ó fi jẹ́ pé gbogbo áyọ́ọ̀nù tí ó bá ń wọlé, wọ́n lè kà á. Ní ọdún 1979 ni wọ́n tẹ àbájáde iṣẹ́ náà. Ohun tí Hecht àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìṣirò mọ̀ ní ọdún 37 ṣáájú, àwọn yìí fojú rí i: bí hóró ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo bá bọ́ sára sẹ́ẹ̀lì, ìṣàn náà a dínkù, a sì tún padà sí bí ó ti wà. Hóró kan lè dín ìṣàn náà kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú ogún. Kò sí ẹ̀rọ tí ọwọ́ ènìyàn ṣe nígbà náà tí a lè fi wé e fún kíkéré àti ìjáfáfá.

Láti Stanford, Yau lọ sí Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ó ti bá Alan Hodgkin ṣiṣẹ́, àgbà onímọ̀ tí ó ti gba Ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1963 lórí ọ̀rọ̀ iṣan. Lẹ́yìn náà ni ó gba iṣẹ́ olùkọ́ ní Galveston ní ìpínlẹ̀ Texas. Ibẹ̀ ni òun àti Kei Nakatani wà nígbà tí ọdún 1985 dé.

Ọdún 1985 yìí ni ẹjọ́ náà parí, ibi méjì tí ó jìnnà sí ara wọn ni ìdájọ́ sì ti wá. Ní oṣù kìíní ọdún náà, Evgeny Fesenko àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ní Pushchino, ìlú kékeré kan nítòsí Moscow, tẹ ìwádìí wọn jáde. Wọ́n lo ọgbọ́n kan tí Erwin Neher àti Bert Sakmann ti gbé jáde ní Jámánì ní ọdún 1976: wọ́n fi ẹnu páìpù ìgò já awọ bíńtín kúrò lára sẹ́ẹ̀lì ọ̀pá, tí inú awọ náà sì kọjú síta. Wọ́n da kálísíọ́ọ̀mù sí i. Ilẹ̀kùn kò mira. Wọ́n da cyclic GMP sí i; lójú ẹsẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí, áyọ́ọ̀nù sì ń wọlé. Cyclic GMP kò rán ẹlòmíràn. Òun fúnra rẹ̀ ni ó di ilẹ̀kùn mú, bí kọ́kọ́rọ́ ti í ṣe nínú ihò rẹ̀.

Ní Galveston, Yau àti Nakatani wọn kálísíọ́ọ̀mù inú sẹ́ẹ̀lì nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá dé. Bí àbá ti ọdún 1971 bá jẹ́ òótọ́, ó yẹ kí ó pọ̀ sí i. Dídínkù ni ó ń dínkù. Síbẹ̀, oníyèméjì lè béèrè pé, báwo ni a ṣe mọ̀ pé ilẹ̀kùn tí cyclic GMP ṣí ní Pushchino ni ilẹ̀kùn kan náà tí ìmọ́lẹ̀ ń tì? Nínú ọdún kan náà, àwọn méjèèjì gé ìdí sẹ́ẹ̀lì ọ̀pá kan, wọ́n gba ibẹ̀ fi cyclic GMP bọ́ ọ, ìṣàn sì bẹ̀rẹ̀. Wọ́n wá tan ìmọ́lẹ̀ sí i. Ìṣàn náà dínkù. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Moscow àti Amẹ́ríkà tí kò fẹ́ràn ara wọn nígbà náà, àwọn ọmọ wọn ni ó fi ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì wẹ ojú kan náà mọ́.

Ẹ má sì rò pé àwọn tí wọ́n gbèjà kálísíọ́ọ̀mù ṣòfò. Ní ọdún 1988, Nakatani àti Yau, àti àwọn mìíràn tí ń ṣiṣẹ́ lọ́tọ̀, fi hàn pé dídínkù kálísíọ́ọ̀mù ni ó ń jẹ́ kí ojú mọ́ra. Nígbà tí a bá ti inú yàrá ṣíṣókùnkùn bọ́ sí oòrùn, tí a sì di ojú díẹ̀ kí a tó la á, iṣẹ́ kálísíọ́ọ̀mù wà níbẹ̀. Àbá náà ṣìnà ní ibi tí ó fi ohun náà sí. Kò ṣìnà pé ohun náà ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe.

Láàárín àkókò yìí, ilẹ̀kùn náà tún yọjú níbi tí ẹnikẹ́ni kò fọkàn sí. Ní ọdún 1987, Nakamura àti Gold rí ìbátan rẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì tí a fi ń gbóòórùn nínú imú. Ìyàtọ̀ wọn ni pé òórùn ń mú kí ìránṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì pọ̀ sí i, kí ilẹ̀kùn ṣí, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ń mú kí ó dínkù, kí ilẹ̀kùn tì. Ojú àti imú, ọmọ ìyá ni wọ́n. Oníkálukú kàn ń lo ohun ìní ìdílé bí ó ti wù ú ni.

Gbogbo èyí, ẹ̀yin ènìyàn mi, kò tíì kan àrùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ bí agogo ṣe ń ṣiṣẹ́ ni ó lè sọ ohun tí ó ṣe é nígbà tí ó dúró. Gbogbo pùrótéènì inú ara ni ó ní ìlànà tí a kọ sínú jíìnì, bí a ti ń kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé. Ní ọdún 1989, U. Benjamin Kaupp, ọmọ Jámánì, pẹ̀lú Shosaku Numa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Kyoto, ka ìlànà tí a fi ń ṣe ilẹ̀kùn yìí láti inú ojú màlúù. Yau ti wà ní Johns Hopkins ní ìlú Baltimore láti ọdún 1986. Òun àti àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ ka ti ènìyàn, wọ́n sì fi hàn ní ọdún 1993 pé igi oríṣi méjì ni a fi kan ilẹ̀kùn náà, kì í ṣe oríṣi kan. Nígbà tí a ti ní ẹ̀dà tí ó pé, ó wá ṣeé ṣe láti wá àṣìkọ nínú ẹ̀dà àwọn aláìsàn.

Thaddeus Dryja ní Boston ni ó ti ń wá irú àṣìkọ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1990, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti rí àṣìkọ kan nínú jíìnì rodópsíìnì, aró Boll ọjọ́sí, lára àwọn tí ó ní retinitis pigmentosa. Ní ọdún 1995, òun, Eliot Berson àti Yau pawọ́ pọ̀ lórí jíìnì ilẹ̀kùn. Nínú ìdílé mẹ́rin tí kò bá ara wọn tan, wọ́n rí àṣìkọ márùn-ún. Nínú àwọn kan, ìlànà náà já sí agbede méjì tàbí kí ó má sí rárá, tí ó fi jẹ́ pé ilẹ̀kùn kò lè di kíkàn. Méjì nínú wọn ni ó yani lẹ́nu jù. Sẹ́ẹ̀lì ń kan ilẹ̀kùn náà, ṣùgbọ́n kò lè gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Inú ilé ni ó há sí. Ilé tí a kọ́, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní yàrá, tí kò sí ohun tí ó wà ní ẹnu ọ̀nà, ẹ mọ̀ pé kò ní pẹ́ tí yóò fi di ahoro. Bẹ́ẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì ọ̀pá ṣe ń kú.

Ìdáhùn sí ìbéèrè èkíní dé, ó sì ba ìbéèrè èkejì jẹ́. Nínú àwọn ìdílé mẹ́rin yìí, irú ogún tí ó wà níbẹ̀ ni èyí tí ẹ̀yin olùkọ́ ti mọ̀ nípa AS àti SS. Bàbá ní ẹ̀dà kan tí ó péye àti ẹ̀dà kan tí ó ní àṣìkọ; bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìyá. Ojú àwọn méjèèjì ń ríran geere, nítorí pé ẹ̀dà kan tí ó péye tó. Ọmọ tí ó bá gba àṣìkọ lọ́wọ́ bàbá, tí ó tún gbà á lọ́wọ́ ìyá, ni àrùn mú. Ìdá kan nínú mẹ́rin ni èyí fi lè ṣẹlẹ̀ sí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ẹni tí ó nàka sí ìyá nìkan parọ́ mọ́ ọn. Lóòótọ́, ọ̀nà mìíràn wà tí àrùn náà ń gbà rìn: nínú àwọn ìdílé kan, òbí kan tí ó ní in ni ó ń fi lé ọmọ lọ́wọ́, nínú àwọn mìíràn, ìyá tí ojú rẹ̀ dá ni ó ń gbé e fún ọmọkùnrin. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn, kò sí ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ kọ àṣìkọ náà. Ogún ni, a kì í fi ogún dá ẹni lẹ́jọ́.

Bí sẹ́ẹ̀lì ọ̀pá ti ní ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì òkòtó ní tirẹ̀, jíìnì rẹ̀ sì yàtọ̀ díẹ̀. Bí ti òkòtó bá bàjẹ́, òru kì í ni ẹni náà lára. Ọ̀sán ni ó ń pọ́n ọn lójú. Kò ní mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé, oòrùn yóò máa gún un lójú, kò sì ní rí ohun tí a kọ sójú pátákó. Erékùṣù kékeré kan wà nínú òkun Pàsífíìkì tí a ń pè ní Pingelap. Ní nǹkan bí ọdún 1775, ìjì líle kan jà níbẹ̀, bí ogún ènìyàn péré ni ó sì ṣẹ́kù. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó yè gbé irú àṣìkọ yìí sínú ara láìmọ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ wọn tún ń fẹ́ ara wọn láti ìran dé ìran, àrùn náà gbèèrú títí ó fi mú tó ènìyàn 4 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Maskun ni wọ́n ń pè é ní èdè wọn, èyí tí ó túmọ̀ sí àìríran. Ní ọdún 1998, àwọn olùwádìí ní Jámánì rí àṣìkọ nínú ọ̀kan nínú jíìnì ilẹ̀kùn òkòtó. Ní ọdún 2000 ni a rí ti Pingelap nínú jíìnì kejì. Ìjì tí ó ti jà ní igba ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ wá rí ẹni ka àkọsílẹ̀ rẹ̀.

Ǹjẹ́ kíkà yìí wo ẹnikẹ́ni sàn? Ìbéèrè tí ó tọ́ ni. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Ní ọdún 2010, àwọn olùwádìí fi ẹ̀dà jíìnì tí ó péye sínú ojú àwọn ajá tí ilẹ̀kùn òkòtó wọn bàjẹ́, púpọ̀ nínú wọn sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ríran lọ́sàn-án. Ní Tübingen ní Jámánì, wọ́n dán irú ìtọ́jú yìí wò lára ènìyàn mẹ́sàn-án. Kò fa ewu ńlá, àǹfààní rẹ̀ kò sì tíì ju díẹ̀ lọ. Ní oṣù kejìlá ọdún 2017, ìjọba Amẹ́ríkà fi àṣẹ sí ìtọ́jú àkọ́kọ́ tí ó ń fi jíìnì tí ó péye sínú rẹ́tínà. Jíìnì mìíràn ni ti èyí, ó wà fún bí ojú ṣe ń tún fítámì A lò. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà dé ibẹ̀: kí a kọ́kọ́ mọ bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́, kí a mọ ibi tí ó ti bàjẹ́, kí a tó gbé irinṣẹ́.

Ẹ̀kọ́ méjì ni mo fẹ́ kí a mú kúrò níbí. Ẹ̀kọ́ kìíní wà fún ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga àti àwọn tí ń pín owó ìwádìí. Bí ẹnì kan bá ti bi Yau ní ọdún 1979 pé, kí ni àǹfààní sẹ́ẹ̀lì ọ̀pọ̀lọ́ kan nínú páìpù ìgò, kí ni ìbá wí? Kò tíì sí jíìnì kankan tí a mọ̀ mọ́ àrùn yìí nígbà náà. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni ó wà láàárín ọ̀pọ̀lọ́ náà àti àwọn ìdílé mẹ́rin ti ọdún 1995. Ẹni tí ó bá ń béèrè èso lọ́jọ́ tí a gbin igi yóò hú igi náà ni.

Ẹ̀kọ́ kejì wà fún ẹ̀yin olùkọ́. Ọmọ tí ó ń kọsẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú lè má jẹ́ òpònú. Ọmọ tí ó ń di ojú mọ́ oòrùn, tí kò lè ka ohun tí ó wà lójú pátákó, tí ó ń fi àwọ̀ ewé pe pupa, lè má jẹ́ ọ̀lẹ. Kí ẹ tó gbé pàṣán, ẹ gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣègùn ojú. Ó lè jẹ́ oúnjẹ ni kò tó, kí ó sì tètè yá. Ó lè jẹ́ ogún; bí ó bá sì jẹ́ ogún, àyè tí a fún un ní ìjókòó iwájú, ìwé tí a kọ gàdàgbà gàdàgbà, àti ọ̀rọ̀ tútù tí a sọ fún òbí rẹ̀ lè mú kí ó kàwé débi tí ó fẹ́. Bí àwọn aládùúgbò bá sì ń nàka sí ìyá rẹ̀, ẹ̀yin ti mọ ohun tí ẹ ó wí. Ẹ sọ fún wọn pé ilẹ̀kùn kékeré kan ni, tí ìmọ́lẹ̀ ń tì. Ọ̀rọ̀ kan péré ni a ṣì kọ nínú ìlànà rẹ̀, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú ilé náà tí ó di gègé mú.